Ilé Àgùdà l'Ékòó: Kí Ló Wó ní Ìta Tinúbú?

Lónìí, Ìta Tinúbú ní Erékùṣù Èkó la ń lọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, ọjọ́ Àìkú, wọ́n wó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan níbẹ̀. Ilojo Bar ni àwọn ará Èkó ń pè é. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855.

Ta ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá? Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ni, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìtẹ̀ ní Bahia lọ́dún 1835, ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Àwọn la mọ̀ sí Àgùdà: da Silva, da Rocha, Pereira, Martins. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn. Wọ́n kọ́ ilé tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí òdòdó sìmẹ́ǹtì wà lára ògiri rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé ilé wọ̀nyí náà jẹ́ àjèjì nígbà kan. Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi koríko bò ló pọ̀ l'Ékòó nígbà náà. Àmọ́ àárín wa ni àwọn Àgùdà ń gbé, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Nígbà tí Mohammed Shitta-Bey fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí, João da Costa, ọmọ Àgùdà, ló gbé iṣẹ́ náà fún. Wọ́n ṣí i lọ́dún 1894. Láti Èkó ni irú ilé yìí ti dé Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìbàdàn.

Plaza onígíláàsì tó ń rọ́pò wọn ńkọ́? Ẹ gbé e lọ sí Àbújá tàbí Dubai, kò ní yàtọ̀. Kò bá àdúgbò sọ̀rọ̀ rárá.

Ó rọrùn láti dá àwọn onílé lẹ́bi. Lọ́dún 1956 ni ìjọba ti kéde Ilojo Bar gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kì í bo òrùlé tó ń jò. Àwọn àrólé ilé àtijọ́ ń pọ̀ sí i, owó àtúnṣe ń ga, owó ilẹ̀ ní Erékùṣù sì ń pe ẹni tó bá fẹ́ tà. Tí a bá ní ilé kan jẹ́ ti gbogbo wa, tí a wá dá ẹrù àtúnṣe rẹ̀ dá ìdílé kan, ọjọ́ tí yóò wó la ń kà yẹn.

Kò sẹ́ni tó ní kí Èkó má kọ́ ilé tuntun. Àwọn Àgùdà kọ́ tuntun, Èkó sì gbà á. Ohun tí a ń bèèrè ni kí ìjọba bá onílé gbé nínú owó àtúnṣe, kí ẹni tó ń kọ́ tuntun sì kọ́kọ́ wo ògiri tó bá ládùúgbò.

Tí ẹ bá gba Martins Street kọjá, ẹ gbé ojú kúrò lórí fóònù díẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ṣì wà níbẹ̀. Ó dìgbà kan ná.