Kí Ni À Ń Lé Lórí Máṣíìnì?

Ní ọdún 1907, ọkọ̀ ojú irin tó gbéra láti Èkó wọ Òṣogbo. Ní ọdún yẹn kan náà, ní erékùṣù kékeré kan tó ń jẹ́ Isle of Man, láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, àwọn kan kó alùpùpù jọ, wọ́n fi sáré ìje. Ẹni tó bá sọ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ méjèèjì máa pàdé lójú títì Ìkìrun, wọn ì bá ní orí rẹ̀ ti yí. Ṣùgbọ́n wọ́n pàdé. Bí ọ̀dọ́ kan ní Ìkìrun, Inísà tàbí Òkukù bá ń sọ fún wa lónìí ohun tó ń retí lórí máṣíìnì rẹ̀ kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, inú ìtàn yẹn ló wà.

Ọkọ̀ ojú irin ò dúró ní Òṣogbo. Ó kọjá sí Ìkìrun, ó gba Òkukù, ó forí lé Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ó sọ àwọn ìlú wa di ibi tí èrò ń sọ̀, tí ẹrù ń wọlé. Àmọ́ ojú irin ò ya ọ̀nà oko. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí ṣì ní láti fẹsẹ̀ rìn dé abúlé. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló kọ́kọ́ gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ ìrìn yẹn, àwọn bàbá wa sì fi Raleigh yangàn bí ẹni fi ẹṣin yangàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìje yẹn díẹ̀, torí ó ní ohun kan nínú tó máa pa ọlọ́kadà lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1907, eré nìkan kọ́ ni wọ́n wò, wọ́n wo epo pẹ̀lú. Alùpùpù onísílíńdà kan gbọ́dọ̀ rin máìlì 90 lórí gálọ́ọ̀nù kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó gùn ún ti jáde nínú ìdíje. Charlie Collier ló gba ipò kìíní ní apá tirẹ̀, eré rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi máìlì 38 ní wákàtí kan. Ọlọ́kadà Inísà tó gbé èèyàn méjì àti àpò gaàrí ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó fún un ní ife-ẹ̀yẹ.

Ìje yìí ló mú kí ọkùnrin ará Japan kan tó ń jẹ́ Soichiro Honda kéde lóṣù Kẹta ọdún 1954 pé ilé iṣẹ́ òun máa lọ díje ní Isle of Man. Nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ náà ò tíì pé ọdún mẹ́wàá, gbèsè sì ń mú un lọ́rùn. Ìrètí lásán ni lójú ayé. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi gbára dì. Wọ́n dé ibẹ̀ ní 1959, ipò kẹfà ni ẹni tó ṣe dáadáa jù nínú wọn gbà. Ní 1961, Mike Hailwood fi máṣíìnì wọn gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mejì, àwọn Họ́ńdà yòókù sì tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, ta ló máa ní máṣíìnì Japan ò dáa? Ní 1976 wọ́n gbé CG125 jáde, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ní wàhálà púpọ̀, wọ́n dìídì ṣe é fún ilẹ̀ tí ọ̀nà ò ti dáa, tí mẹkáníìkì ò pọ̀. Bíi tiwa nìyẹn.

Ó bá ilẹ̀ tó ti rọ̀ níbí. Ìjọba Gowon ti gba àbá ìgbìmọ̀ Udoji wọlé ní 1974, nígbà tí 1975 sì bẹ̀rẹ̀, àjẹ́ẹ́lẹ̀ owó oṣù balẹ̀ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Tíṣà ra máṣíìnì. Akọ̀wé kánsù ra máṣíìnì. Ẹni iyì ló ń gùn ún nígbà náà: á nù ún láàárọ̀, á ta aṣọ bò ó lálẹ́. Kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí tíṣà lójú títì pé kó gbé òun dé ọjà, kóun fún un lówó. Àbùkù ni.

Àbùkù yẹn ò pẹ́ kó tó di oúnjẹ. Ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò SAP dé, náírà já, owó oṣù ò ra nǹkan mọ́. Òṣìṣẹ́ tó ní máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò nírọ̀lẹ́, ní ìkọ̀kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá ní gbangba. Orúkọ tí ìlú fún un, yẹ̀yẹ́ ni: ọ̀kadà, láti ara Okada Air, bàálù tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Ẹni tí ò lè wọ bàálù ti rí tirẹ̀ wọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Jincheng ti China dé, Bajaj ti India tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́ tí ò rí iṣẹ́ sì bọ́ sí i. Ibí yìí ni ìrètí ti yí padà. Olówó á ra máṣíìnì, á gbé e fún ọmọkùnrin kan, ìyẹn á máa sanwó díẹ̀díẹ̀ títí àròpọ̀ rẹ̀ fi máa ju iye tí wọ́n rà á lọ dáadáa, kó tó di tirẹ̀. Tó bá ṣàìsàn, owó ń ka. Tí òjò bá ba ọ̀nà oko jẹ́, owó ń ka. Nígbà tí owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, epo tí kò tó 200 náírà fún lítà kan kọjá 480 láàrin ọjọ́ díẹ̀. Òfin máìlì 90 ti 1907 tún padà dé, ebi ló ń ṣe adájọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹni tó ń sáré ìje fún ìgbádùn máa ń retí kí ọdún tó ń bọ̀ bá òun lórí máṣíìnì, kó tún yára sí i. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà tiwa ń retí kí ọdún tó ń bọ̀ má bá òun níbẹ̀ mọ́: kó ti sanwó tán, kó tà á, kó fi kún owó ṣọ́ọ̀bù, tàbí kó padà sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ tó kọ́. Ìyàtọ̀ yìí ló ń dùn wá, torí a mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn máṣíìnì dénú. Ẹ wò wọ́n lálẹ́ tí títì bá dá, tí méjì bá pàdé tí wọn ò gbé èrò. Wọn á wo ara wọn, iná á sì tan. Àwọn àgbà á ní wèrè ni wọ́n. A ò sọ pé ó dáa o, títì tí tírélà ń gbà kì í ṣe pápá ìje, ó sì ti gba ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ohun tí Collier ṣe ní 1907 náà ni, àfi pé wọ́n fún un ní ọ̀nà, òfin àti ẹni tó ń ka àkókò.

Òjò ti ń dín kù báyìí. Ọ̀nà oko máa gbẹ, iṣu àti àgbàdo máa wọlé, lẹ́yìn náà ni ìgbéyàwó, òkú àgbà, àti àwọn ọmọ ìlú tó ń ti Èkó bọ̀ fún ọdún. Oṣù mẹ́ta tó dáa jù nínú ọdún nìyẹn fún ẹni tó bá ní máṣíìnì tó gbádùn. Wọ́n ti ń pààrọ̀ ṣéènì àti táyà láti ìsinsìnyí.