Odò Ọya àti Ìsédò Kainji

Ní ọ̀pọ̀ ọdún kí orúkọ Kainji tó di mímọ̀, ilé-iṣẹ́ NESCO, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, ti ń fi omi tí ń já láti orí òkè ní Kurra, nítòsí Jos, pèsè iná mànàmáná fún àwọn tí ń wa kùsà tíìnì. Ní ti Èkó, èédú Enugu ni wọ́n ń sun ní ilé-iná Ìjọra, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923, èédú tí wọ́n bá sì ti sun ti lọ nìyẹn, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdọọdún ni òjò ń dá omi odò padà; nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi ka omi, pẹ̀lú oòrùn àti afẹ́fẹ́, mọ́ agbára tí kì í tán.

Odò Ọya, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Niger, ní ìwà kan tí kò wọ́pọ̀, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ó máa ń kún lọ́dún. Òjò apá àríwá Nàìjíríà ni ó ń mú ìkún àkọ́kọ́ wá láti nǹkan bí oṣù kẹjọ, wọ́n sì ń pè é ní ìkún funfun, nítorí ẹrẹ̀ tí ó máa ń mú omi rẹ̀ rú. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní ìkún dúdú, ń ṣàn bọ̀ láti orí àwọn òkè Guinea, ó ń gba inú àbàtà ńlá tí ó wà ní Mali kọjá, ó ń fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ìrìn rẹ̀ sì ń falẹ̀ débi pé inú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ó ń wọ Nàìjíríà, nígbà tí àwọn odò mìíràn ti ń gbẹ. Ìkún dúdú yìí wà lára ìpìlẹ̀ ìṣirò tí wọ́n ṣe lórí Kainji.

Ní 1962 ni ìjọba dá àjọ tí yóò bójú tó ìsédò Odò Ọya sílẹ̀, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Kainji ní 1964 lọ́wọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe ará Ítálì. Ìsédò ni ògiri tí wọ́n mọ dí ojú odò kí omi lè gbá jọ sẹ́yìn rẹ̀. Láti ibi gíga tí ó gbá jọ sí ni omi yóò ti fi agbára já gba inú páìpù ńlá, yóò yí tọ́báìnì, ìyẹn àgbá onírin tí ó ní abẹ̀bẹ̀, tọ́báìnì náà yóò sì yí mágínẹ́ẹ̀tì láàárín wáyà bàbà, èyí tí ń sọ yíyí náà di iná. Ní 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà, Yakubu Gowon ṣí i pẹ̀lú tọ́báìnì mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè pèsè mẹ́gáwáàtì 80. Wọ́n fi méjì kún un ní 1976, àti méjì mìíràn ní 1978, tí agbára wọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí gbogbo rẹ̀ fi di mẹ́gáwáàtì 760. Ààyè méjìlá ni wọ́n kọ́, ṣùgbọ́n mẹ́jọ péré ni wọ́n fi ẹ̀rọ sí.

Omi tí ó gbá jọ yìí bo Bussa mọ́lẹ̀, ìlú ọba àtijọ́ ní ilẹ̀ Borgu, níbi tí Mungo Park ti kú sínú odò ní 1806. Àwọn tí ó lé ní 40,000 ni wọ́n kó kúrò, tí wọ́n sì tẹ Bussa Tuntun dó fún ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò náà kò bọ́, nítorí pé ìkún tí ó máa ń fi omi rin ilẹ̀ àkúrọ̀ wọn ti di ohun tí ìsédò ń dá dúró, tí oko ìrẹsì àti ẹja pípa fi dínkù.

Ọ̀dá tí ó mú ilẹ̀ Sàhẹ́lì láàárín ọdún 1970 sí 1989 tún dín ìkún dúdú kù gidigidi, ó sì hàn gbangba pé agbára tí kì í tán lè fà sẹ́yìn. Síbẹ̀, wọ́n kọ́ ìsédò Jebba sí ìsàlẹ̀ odò náà ní 1985, kí omi tí ó ti yí tọ́báìnì Kainji lè tún ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ètò tí ó bọ́gbọ́n mu púpọ̀. Èyí tí kò bọ́gbọ́n mu ni pé ọdún 2010 ni ìjọba tó ṣe òfin tí ó dá àjọ ìdàgbàsókè sílẹ̀ fún àwọn agbègbè tí ń pèsè iná omi, nígbà tí Bussa ti wà lábẹ́ omi fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún.