Ẹni tó wọlé nínú ẹgbẹ́, ṣé yóò wọlé lọ́jà? Ìtàn ìdìbò abẹ́lé láti Fegge dé Abuja

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2021, ẹgbẹ́ APC dìbò abẹ́lé ní Ìpínlẹ̀ Anambra láti yan ẹni tí yóò bá wọn dupò gómìnà. Dapo Abiodun, gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni alága ìgbìmọ̀ tó darí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kéde ni pé Andy Uba ló wọlé, pẹ̀lú ìbò 230,201. Oṣù márùn-ún kò tíì pé tí ìdìbò gómìnà gan-an fi dé, ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá. Lọ́jọ́ náà, ìbò tí Andy Uba rí gbà lọ́wọ́ gbogbo ará Anambra, àti ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹni tí kò ṣẹgbẹ́ kankan, jẹ́ 43,285. Kò tó ìdá kan nínú márùn-ún iye tí wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ti dì fún un.

Ibi tó dára láti dúró sí wo ọ̀rọ̀ yìí ni Fegge. Àdúgbò náà wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Onitsha South, kò jìnnà sí afárá Odò Ọya tí ọkọ̀ láti Èkó ń gbà wọ ìlú. Òpópónà Zik gbabẹ̀ kọjá, ọjà Ochanja sì wà nítòsí. Oníṣòwò ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí ilé bàbá wọn wà ní ìlú mìíràn ṣùgbọ́n tí ọjà mú wọn wá sí etí odò. Nígbà tí àwọn délígéètì bá ń ṣèpàdé ní Awka tàbí ní Abuja láti yan olùdíje, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni oníṣòwò Fegge wà. Ọjọ́ ìdìbò gbogbogbò ni ohùn tirẹ̀ tó wọlé.

Ṣé ẹni tó gba iwájú nínú ẹgbẹ́, tí àwọn kan lè kú lé lórí, tí àwọn mìíràn kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí, lè wọlé lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú bá dìbò? Àwọn òǹwòye máa ń ka iye àwọn tó kórìíra irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìtàn Anambra fi hàn mí pé kíkà yẹn kò tó. Ìbéèrè tó yẹ ká béèrè ni pé: àwọn tí kò fẹ́ ẹ yìí, ṣé ibì kan náà ni wọ́n máa kó ìbò wọn lọ, àbí wọ́n máa fọ́n ká?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1993. Àwọn Yorùbá tó ti gbọ́njú nígbà ayé Shagari kò ní gbàgbé ohun tí M.K.O. Abiola jẹ́ lójú àwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀. NPN, ẹgbẹ́ Shagari, ló wà títí ó fi bínú jáde ní 1982, ìwé ìròyìn Concord tó dá sílẹ̀ sì ń bá Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, UPN, fà á lójoojúmọ́. Òun náà ló wá jáde dupò ààrẹ lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP. Ní àpéjọ ẹgbẹ́ náà ní Jos, nínú oṣù kẹta 1993, díẹ̀ báyìí ló fi ju Babagana Kingibe lọ, Atiku Abubakar sì ṣe ìkẹta. Abiola mú Kingibe, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a jà, ṣe igbákejì rẹ̀. Mùsùlùmí méjì wá dúró papọ̀. Bashir Tofa ti ẹgbẹ́ kejì, NRC, ní tirẹ̀ mú Sylvester Ugoh, ọmọ Ìgbò, ṣe igbákejì. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀yà àti ẹ̀sìn ṣírò ìdìbò yóò ti sọ pé Ilẹ̀ Ìgbò ti di ti Tofa. Abia, Enugu àti Imo ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní Anambra, Abiola ní 212,024, Tofa ní 159,258. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ iye yìí, nítorí wọ́n ti jẹ́ kó dà bíi pé kò sígbà kan tí ará Onitsha àti ará Abẹ́òkúta dìbò fún ẹnì kan náà.

Ọ̀rọ̀ yí padà lẹ́yìn 1999. PDP ló gba Anambra, ìjà bàbá ìsàlẹ̀ sì gba PDP. Ní 2003 wọ́n kéde Chris Ngige ní gómìnà. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n jí i gbé nínú ìjà òun àti Chris Uba, bàbá ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló padà sọ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 2006 pé Peter Obi ti ẹgbẹ́ APGA ló wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Andy Uba, ẹ̀gbọ́n Chris, gorí oyè ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2007. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kó sọ̀kalẹ̀, nítorí sáà Obi kò tíì pé. Láàárín ọdún mẹ́rin wọ̀nyí ni APGA di ilé fún ẹnikẹ́ni tí PDP bá sú ní Anambra, ohun tó sì mú kí ìyókù ìtàn yìí rí bó ṣe rí nìyẹn.

Ọdún 2009 ló yẹ ká dúró lé lórí dáadáa. Èèyàn 47 ló fẹ́ dupò gómìnà lábẹ́ PDP. Ìdìbò abẹ́lé kò ṣeé ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ní Abuja wá mú Chukwuma Soludo, wọ́n ní òun ni. Kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: òun ni gómìnà báńkì àpapọ̀ láti 2004 sí 2009, òun ló sọ pé báńkì tí owó ìdókòwò rẹ̀ kò bá tó bílíọ̀nù 25 náírà kò lè dá dúró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe mú un bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù nínú, àwọn kan gba ilé ẹjọ́ lọ, àwọn kan sì ká ọwọ́ lẹ́rán. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì 2010, Obi ní 97,833, Ngige tó ti bọ́ sí AC, ẹgbẹ́ Tinubu, ní 60,240, Soludo sì ní 59,355.

Ẹ fi iye ìkẹyìn méjì yẹn kún ara wọn: 119,595. Ó ju ti Obi lọ. Ngige tó ti jẹ́ ọmọ PDP rí àti Soludo tó ṣì wà níbẹ̀ ló pín ohun tí ìbá lé Obi lọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Òfin Nàìjíríà kò sì béèrè pé kí gómìnà ní ìdajì ìbò. Bó bá ti ju olúkúlùkù lọ, tó sì ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìjọba ìbílẹ̀, ó ti wọlé nìyẹn.

Nígbà tó di 2021, Soludo ti wà ní APGA. Ìjà tún dé: apá kan ẹgbẹ́ yan Chukwuma Umeoji, orúkọ Umeoji ni àjọ elétò ìdìbò, INEC, sì kọ́kọ́ gbé jáde, kí ilé ẹjọ́ tó dá Soludo padà. Síbẹ̀ ó wọlé. Ìbò rẹ̀ jẹ́ 112,229; Valentine Ozigbo ti PDP ní 53,807, Andy Uba 43,285, Ifeanyi Ubah ti YPP 21,261. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí lápapọ̀ tún ju olúborí lọ. Ẹ̀rù IPOB, ẹgbẹ́ tó ń jà fún Biafra, àti àìgbẹ́kẹ̀lé wà nílẹ̀, tó fi jẹ́ pé nǹkan bí ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ló jáde. Ó dùn mí láti kọ ọ́. Nínú oṣù kejìlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Abuja sọ pé ìdìbò abẹ́lé tó gbé Andy Uba jáde kò bófin mu, lórí ẹjọ́ tí George Moghalu pè. Ìbò 230,201 náà di òfo.

Ní 2023, irú ọ̀rọ̀ kan náà gba gbogbo orílẹ̀-èdè. Gbogbo wa la mọ ohun tí Bọ́lá Tinubu sọ ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà 2022: “Èmi ló kàn.” Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ṣépè. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n kéde pé ó ní ìbò délígéètì 1,271, Rotimi Amaechi ní 316, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ní 235. Ó mú Kashim Shettima, Mùsùlùmí bíi tirẹ̀, ṣe igbákejì, ariwo sì sọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó fìdí rẹmi kò kúrò nínú APC. Ní PDP, Atiku ní 371, Nyesom Wike ní 237. Wike àti gómìnà mẹ́rin mìíràn, tí Ṣèyí Mákindé wà lára wọn, kò bá Atiku polongo. Rabiu Kwankwaso ti bọ́ sí NNPP nínú oṣù kẹta. Peter Obi fi PDP sílẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ìdìbò abẹ́lé, Labour Party sì yàn án ní Asaba, òdìkejì odò sí Fegge gan-an.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2023, Tinubu ní 8,794,726, ìyẹn 36.61 nínú ọgọ́rùn-ún. Atiku ní 6,984,520, Obi 6,101,533, Kwankwaso 1,496,687. Ọmọ PDP ni àwọn mẹ́ta ìkẹyìn yìí nígbà tí ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀. Obi tilẹ̀ borí Tinubu ní Èkó, 582,454 sí 572,606. Ní Anambra, Obi ní 584,621, Tinubu ní 5,111. Ìpínlẹ̀ tó dìbò fún Mùsùlùmí méjì ní 1993 nìyẹn. Àyípadà yìí kì í ṣe ti ẹ̀sìn nìkan: lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ wọn wà lórí ìwé ìdìbò, ọmọ Agulu tó kàwé ní Christ the King College ní Onitsha tó sì ṣòwò níbẹ̀.

Ká sọ pé òfin wa dà bí ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́? Lọ́hùn-ún, bí olùdíje kankan kò bá ní ju ìdajì ìbò lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ padà dìbò lẹ́ẹ̀kejì. Ní 2016, ẹgbẹ́ ààrẹ Boni Yayi fa Lionel Zinsou kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní òyìnbó Faransé ni, ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀ òkèèrè gbé wá. Síbẹ̀ òun ló ṣáájú ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta, pẹ̀lú 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Patrice Talon ní nǹkan bí 25, Sébastien Ajavon 23. Ajavon àti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù sì yà sẹ́yìn Talon. Ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà, Talon ní ìdá 65, Zinsou 35. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ti rí ibì kan ṣoṣo lọ.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ ńlá méjì ti ń jà, ibi àsálà kì í ṣòro rí. George McGovern borí nínú ẹgbẹ́ Democrat ní 1972, ṣùgbọ́n nígbà ìdìbò gbogbogbò, ìpínlẹ̀ kan àti Washington nìkan ló mú. Donald Trump wọlé ní 2016 bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbò Hillary Clinton fi mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ó lé ju tirẹ̀ lọ, nítorí ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kà níbẹ̀, kì í ṣe orí.

Soludo ńkọ́, ẹni tí ẹgbẹ́ fi dandan gbé kalẹ̀ ní 2009 tó sì ṣe ìkẹta? Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá 2025, ó tún dupò gómìnà lábẹ́ APGA. Ìbò 422,664 ni wọ́n kà fún un, ó sì mú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 21, Onitsha South tí Fegge wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.