Géètì Ẹ̀yìn

Aago 4:40 ìdájí. Èéfín táyà ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà ọdún Àjíǹde ni àwa ará Agége ti ń ṣọ́de nítorí àwọn ọmọ ìta tó ń jalè kiri, táyà la sì ń dáná sun. Èéfín náà gba ojú fèrèsé wọ yàrá ìyá aláta, ará ilé wa, tí ikọ́ fée ti ń yọ lẹ́nu láti kékeré. Ọjọ́ Ẹtì ni, 17 oṣù kẹrin, ọdún 2020. Kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn kòrónà ti wọ ọjọ́ kejìdínlógún l'Ékòó.

Aago 5:15. Ọmọ rẹ̀ kan ilẹ̀kùn mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, Màámi ò lè mí dáadáa." Ventolin, oògùn tó máa ń fà sẹ́nu, ti tán láti ọjọ́ Ajé. Mo bá ìyá náà létí ibùsùn, ó fọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè.

Aago 5:30. Iléeṣẹ́ wa ní dókítà tí à ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo pè é, mo ní ìyá mi ni. (Irọ́ ni, ẹ dárí jì mí.) Ó ní kí n gbé fóònù sẹ́nu wọn, kí wọ́n sọ gbólóhùn kan parí. Kò lè sọ ọ́ parí. "Ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù báyìí. Èyí kì í ṣe ti fóònù." Ọjọ́ méjì ṣáájú, dókítà yìí kan náà ló tọ́jú ẹ̀yìn ríro mi láìfojú kàn mí, tó fi orúkọ oògùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo ti ń yangàn kiri pé dókítà ti di ti orí bẹ́ẹ̀dì.

Aago 6:45. Ọkọ̀ mẹkáníìkì ẹ̀yìn ilé ló gbé wa dé ọsibítù aládàáni kan. Sẹ̀kúríítì na ẹ̀rọ bí ìbọn sí iwájú orí ìyá náà. Ara rẹ̀ kò gbóná.

"Ṣé wọ́n ń wúkọ́?"

"Ikọ́ fée ni."

"Mo ní, ṣé wọ́n ń wúkọ́?"

Nọ́ọ̀sì kan dúró lókèèrè, ó ní ká pe NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn. Ọmọ pè títí, wọn kò gbé e. N kò lè dá nọ́ọ̀sì náà lẹ́bi tán: ìbòmú ẹnu rẹ̀ ti gbó, ta ló fún un ní òmíràn? Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń yí ọkọ̀ padà, jíìpù kan dé. Wọ́n ṣí géètì fún un, wọn kò tilẹ̀ yọ ẹ̀rọ náà.

Aago 8:05. Ti ìjọba. Wọ́n ní pàjáwìrì nìkan ni àwọn ń gbà. Mo ní pàjáwìrì rèé. Wọ́n ní kó lọ yẹ ara wò fún kòrónà ná. Ìgbà wo lèsì máa jáde? Ẹni tí mo bi wo ilẹ̀.

Aago 9:30. Géètì kẹta. Bíi ti àkọ́kọ́ ni.

Aago 10:50. Ètè rẹ̀ ti ń ṣú. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ẹni tí a jọ kàwé ní girama ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ọsibítù àkọ́kọ́. Mo pè é. Ó ní ká gba ẹ̀yìn wá. Kò pẹ́, oògùn ti ń rú bíi kùrukùru sí imú ìyá aláta, dókítà sì gbé ohun èlò lé àyà rẹ̀, ó ń gbọ́. Láti ìdájí, òun ni oníṣègùn àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn án. Ọsibítù kan náà, ikọ́ kan náà. Nọ́mbà fóònù kan ni mo fi kún un.

Kó tó di aago 12, ìyá aláta sọ gbólóhùn kan parí: "Òní mà lọjọ́ ọjà."

Aago 5 ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kọ owó fún wa. Owó ẹ̀wù àti ìbọ̀wọ́ àwọn tó tọ́jú rẹ̀ ju owó oògùn lọ. Gbogbo ilé ló dá a.

Òru, aago 1 kọjá. Ìròyìn dé orí fóònù àwọn ọlọ́de: kòrónà ti pa Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì Ààrẹ Buhari. Èkó ló kú sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ti Èkó pa, ó kọ̀wé pé òun ń bọ̀ níbí fún àyẹ̀wò, pé òun ti ṣètò ìtọ́jú ara òun kí òun má baà fi kún ẹrù ilé ìwòsàn ìjọba. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Kò kú sẹ́nu géètì.

Táyà tún ti ń jó lábẹ́ fèrèsé. Mo jáde, mo bẹ àwọn ọlọ́de. Wọ́n fi igi tì í lọ sí oríta.