Abẹ́rẹ́ oníwáyà: ta ló kọ́kọ́ ti iná bọ inú iṣan, ṣé ó sì léwu?

Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú yín ti rí irú fídíò yìí rí: ẹnì kan dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bíi mẹ́jọ dúró ṣánṣán lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n so wáyà mọ́ wọn, iṣan ẹ̀yìn náà sì ń ta fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá wo ìsàlẹ̀ fídíò náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló pọ̀ níbẹ̀: "Ṣé iná ò ní gbé ẹni yìí báyìí?"

Ìbéèrè gidi ni o. Ó ti tó igba ọdún tí àwọn dókítà ti ń bi ara wọn ní irú rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn náà ni pé iná tí gbogbo wa ń bẹ̀rù yẹn, wọ́n ti rí ọgbọ́n dá sí i tipẹ́. Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló yẹ ká máa ṣọ́.

Ká tó lọ jìnnà: kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi ń fa oògùn sí wa lára là ń sọ. Èyí kò ní ihò nínú, kò sì gbé oògùn kankan. Electroacupuncture ni orúkọ rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará Ṣáínà ti ń fi abẹ́rẹ́ lásán tọ́jú ara fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún méjì ọdún lọ. Ní 1683, dókítà ará Netherlands kan, Wilhelm ten Rhijne, tó ti ṣiṣẹ́ ní Japan, tẹ ìwé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lórí àrùn oríkèé ara, ó sì ṣàlàyé abẹ́rẹ́ yìí fún àwọn òyìnbó.

Iná ní tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn wá. Luigi Galvani ní Ítálì ti fi hàn pé ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú lè ta tí iná bá kàn án. Ní 1800, Alessandro Volta ṣe bátìrì àkọ́kọ́. Àwọn dókítà Faransé ló wá so méjèèjì pọ̀. Louis Berlioz, bàbá Hector Berlioz olórin ńlá nì, tẹ ìwé jáde ní 1816 nípa àwọn aláìsàn tó fi abẹ́rẹ́ tọ́jú, ó sì dábàá pé iná lè mú kí abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́ sí i. Ní 1825, Jean-Baptiste Sarlandière gbé ìwé tirẹ̀ jáde. Òun ti ṣe é: ó ti abẹ́rẹ́ bọ ara aláìsàn, ó fi iná kàn án, pàápàá fún làkúrègbé.

Ta ló máa gbà kí wọ́n ṣe irú èyí fún òun? Ẹ rántí pé áspírínì kò dé ọjà títí di 1899. Ẹni tí orúnkún ń jẹ lóru nígbà yẹn á gba ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n ewu méjì wà ńlẹ̀. Iná bátìrì ojú kan ló máa ń dorí kọ. Tó bá ń gba inú irin kọjá sínú ara báyìí, ó máa ń jẹ irin náà, á sì máa jó ẹran ara tó yí i ká díẹ̀díẹ̀. Ewu kejì ni ìdọ̀tí. Ọdún 1867 ni Joseph Lister tó kọ̀wé nípa lílo oògùn apakòkòrò nígbà iṣẹ́ abẹ. Kó tó dìgbà yẹn, abẹ́rẹ́ lè ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹlòmíràn láìsí ẹni tó máa sè é.

Ẹni tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni Guillaume Duchenne, ọmọ Boulogne létí òkun. Òun náà fi abẹ́rẹ́ Sarlandière bẹ̀rẹ̀, ó rí i pé iṣan ń ta, ó sì rí i pé abẹ́rẹ́ ń ṣe awọ ara léṣe. Kí ló ṣe? Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò. Ó fi nǹkan tútù lé orí awọ, ó gba ibẹ̀ fi iná ránṣẹ́ sí iṣan kan ṣoṣo tó fẹ́. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1855. Ẹ̀rọ tí àwọn físíò ń lẹ̀ mọ́ wa lórúnkún lónìí, ọmọ-ọmọ iṣẹ́ Duchenne ni. Ká ní ibẹ̀ ni ìtàn parí sí, n ò bá má ṣe ìpín yìí.

Abẹ́rẹ́ padà wá láti Ṣáínà. Ní 1958, àwọn dókítà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ dín ìrora kù nígbà iṣẹ́ abẹ. Ẹnì kan ní láti jókòó ti aláìsàn kó máa fọwọ́ yí abẹ́rẹ́ náà fún wákàtí púpọ̀. Ọwọ́ á ro ó. Ẹ̀rọ iná ló wá gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ èèyàn. Ní Beijing, Han Jisheng bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 1965. Ó fa omi tó yí ọpọlọ ehoro kan ká lẹ́yìn tó tọ́jú ehoro náà, ó fà á sí ti ehoro mìíràn, ehoro kejì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fara da ìrora ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara fúnra rẹ̀ ló ń tú nǹkan apàrora jáde. Ẹnu ya ayé. Nígbà tí James Reston, akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà, kọ̀wé nínú New York Times ní July 1971 pé wọ́n gún òun ní abẹ́rẹ́ ní Beijing, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. (Ẹ má gba àwọn tó ń sọ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un o. Oògùn apàrora ni wọ́n lò, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni abẹ́rẹ́ tó wọ̀ ọ́.)

Àwọn ẹ̀rọ òde òní, bátìrì kékeré ló ń gbé púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe iná NEPA. Iná náà sì ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìwọ̀n kan náà kó má baà jẹ irin tàbí jó ara. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní wọ́n ti rí ọgbọ́n dá sí i.

Ibi tí iná ti ṣì léwu gan-an ni ọkàn. Ní 1958 kan náà yẹn, ní Stockholm, Arne Larsson di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi pacemaker sínú ara rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí bí ọkàn ṣe ń lù. Àwọn tó wá jáde lẹ́yìn rẹ̀ máa ń fetí sí ọkàn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Tí iná láti ìta bá wọlé, ó lè rò pé ọkàn ló lù, á sì dákẹ́. Nítorí náà, bí ìyá àgbà yín tí orúnkún ń dùn bá ní pacemaker, dókítà ọkàn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní in pàápàá, wọn kì í jẹ́ kí iná náà gba àyà rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí rọrùn: ní 1996, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ní kí abẹ́rẹ́ jẹ́ aláìlábàwọ́n, kí wọ́n sì lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ ní kí wọ́n já pálí rẹ̀ lójú yín, torí HIV àti àrùn mẹ́dọ̀wú.

Nínú ìwádìí méjì tí ìwé ìròyìn BMJ gbé jáde ní 2001, wọ́n tọ́jú èèyàn ní ìgbà tó ju 66,000 lọ ní Britain, wọn ò rí ìjàǹbá ńlá kankan. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ náà ni wọ́n ṣe é o. Àmọ́ pé nǹkan kò léwu kò túmọ̀ sí pé ó ń wo àìsàn. Àjọ NICE ti England fara mọ́ abẹ́rẹ́ lásán fún àwọn ìrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan ní 2021, ṣùgbọ́n ní 2022 ó ní kí wọ́n má lò ó fún oríkèé tó ti jẹ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹ̀dọ̀fóró. Orí ẹ̀dọ̀fóró kò jìnnà sí awọ ní èjìká àti ẹ̀yìn òkè, ibẹ̀ gan-an sì ni àwa tá a ń tẹ fóònù láti àárọ̀ dalẹ́ ti máa ń ní ìrora. Abẹ́rẹ́ tó bá wọlé jù lè lu ẹ̀dọ̀fóró, kí afẹ́fẹ́ máa jò sínú àyà. Ó lè tó wákàtí mélòó kan kó tó hàn. Tí wọ́n bá gún yín lẹ́yìn tàbí léjìká, tí àyà bá wá ń dùn yín tàbí tí èémí kò já geere, kódà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé wọ́n gún yín ní abẹ́rẹ́.