Àyà Ni Ká Gbọ́: Oògùn Tó Ń Tú Omi Ara Sílẹ̀ àti Èyí Tó Ń Gbẹ Ẹ́ Lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì

Ẹni tí DDVP bá wọ̀ lára, ìyẹn apakòkòrò tí wọ́n fi ń po otapiapia, omi ni a ó kọ́kọ́ rí. Itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, omijé lójú, òógùn lára; á máa bì, á máa yàgbẹ́, á máa tọ̀ sára. Ọmọlójú rẹ̀ á sún kì. Àmọ́ èyí tó ń kún ẹ̀dọ̀fóró ni omi tó ń pa á. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ibi omi ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oògùn tó ń tú omi ara sílẹ̀ àti èyí tó ń gbẹ ẹ́, kó tó há orúkọ kankan sórí.

Ní 1921, ní ìlú Graz lórílẹ̀-èdè Austria, Otto Loewi mú ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ méjì. Ó ta iṣan tó ń dẹ ìlù ọkàn jí lára àkọ́kọ́, ọkàn náà sì dẹwọ́. Ó wá bu omi tó yí i ká sórí èkejì, òun náà dẹwọ́. Ohun tó jíṣẹ́ wà nínú omi: acetylcholine ni. Olùgbà oríṣi méjì ló ń gba iṣẹ́ rẹ̀. Muscarinic wà lára ọkàn, ojú, ìfun, àpòòtọ̀, ọ̀nà èémí àti ibi tí itọ́ òun òógùn ti ń sun. Nicotinic wà lára ẹran ara tí a fi ń rìn, tí a sì fi ń mí. Bí iṣẹ́ bá ti parí, ẹ́ńsáímù acetylcholinesterase a gbá acetylcholine kúrò. Bí nǹkan bá di agbálẹ̀ yìí lọ́wọ́ mú, ibẹ̀ á kún bámúbámú.

Ẹ̀wà kan láti Calabar ló là wá lójú sí èyí. Esere ni àwọn Efik ń pè é. Láyé àtijọ́, wọ́n a fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ. Bó bá bì í tó yè, ó mọ́. Bó bá kú, wọ́n ní ó jẹ̀bi. Ẹ̀wà náà dé Edinburgh. Robert Christison fẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọ wò ní 1855, ó sì dùbúlẹ̀ àìsàn. Ní 1863, Argyll Robertson fi oje rẹ̀ sójú, ọmọlójú sún kì. Ní 1864, wọ́n yọ physostigmine, èyí tó ń di agbálẹ̀ mú, jáde nínú rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Kleinwächter ní Prague fi oje ẹ̀wà yìí gba ẹni tí atropine, oògùn tó ń gbẹ omi ara, ti yí lórí sílẹ̀. Ní 1934, Mary Walker ní Greenwich gún physostigmine fún aláìsàn myasthenia gravis, agbára sì padà sára ẹni tó ti rọ jọwọrọ. Ó dùn mí pé akẹ́kọ̀ọ́ wa lè kọ orúkọ oògùn yìí nínú ìdánwò láìmọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé wa ló ti hù.

Neostigmine àti pyridostigmine ń di agbálẹ̀ mú fún wákàtí díẹ̀, wọ́n a sì tú u sílẹ̀. Bethanechol àti pilocarpine kò kan agbálẹ̀, olùgbà gan-an ni wọ́n ń kàn. Nítorí pé muscarinic wà lára ọ̀nà èémí, ẹ bi aláìsàn bóyá ó ní ásímà kí ẹ tó fún un ní ìkankan nínú wọn.

DDVP kì í tú agbálẹ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Kí nọ́ọ̀sì wọ ìbọ̀wọ́, kí ó bọ́ aṣọ aláìsàn, kí ó wẹ̀ ẹ́, kí ó fún un ní atẹ́gùn. Atropine ló kàn. Kì í lé acetylcholine lọ. Ó kàn gba ìjókòó rẹ̀ lára olùgbà muscarinic ni. Àgbà á kọ́kọ́ gba 1 sí 3 mg sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé tí àyà kò tíì mọ́, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ títí tí yóò fi mọ́. Bó bá jẹ́ ámpúlù 0.6 mg ló wà ní wọ́ọ̀dù, 3 mg jẹ́ márùn-ún, 6 mg jẹ́ mẹ́wàá, 12 mg jẹ́ ogún. Ẹ̀rù lè ba nọ́ọ̀sì tuntun láti fọ́ ogún ámpúlù fún ẹnì kan ṣoṣo. Síbẹ̀, nínú ìwádìí Bangladesh lórí irú májèlé yìí, tó jáde ní 2012, 22.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú lára àwọn tó gba atropine lọ́nà àtijọ́. Lára àwọn tí wọ́n ń sọ tiwọn di ìlọ́po kíákíá, tí wọ́n sì ń fà á sí wọn lára díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà, 8 ni.

Báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó tó? Ibí ni àṣìṣe pọ̀ sí. Àwọn kan ń wo ọmọlójú, bẹ́ẹ̀ ó lè pẹ́ kó tó là. Àwọn mìíràn rí ọkàn tó ń sáré, wọ́n ní ó ti tó; àìtó atẹ́gùn náà lè mú ọkàn sáré. Àyà ni kí ẹ gbọ́, níwájú àti lẹ́yìn, bóyá omi ṣì ń hó níbẹ̀. Kí àyà mọ́, kí ìlù ọkàn lé ní 80 ní ìṣẹ́jú kan, kí ìfúnpá tòkè lé ní 80, kí abíyá gbẹ. Nítorí pé atropine kò kan olùgbà nicotinic, aláìsàn tí àyà rẹ̀ ti mọ́ lè má lè gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, èémí rẹ̀ sì lè dá. Ẹ má fi í sílẹ̀.

Bí atropine bá pọ̀ jù, ara á gbóná láìsí òógùn, ìfun á dákẹ́, àpòòtọ̀ á kún, aláìsàn á máa sọ̀sọkúsọ, á máa ṣa ohun tí kò sí lórí aṣọ ibùsùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó mu gegemu ṣe ń ṣe, torí atropine àti hyoscine wà nínú rẹ̀. Ká dá oògùn dúró, ká tún bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n tó kéré. Àwọn àgbàlagbà tó ń lo hyoscine fún inú rírun náà lè rí díẹ̀ nínú èyí, pàápàá baba tí próstéètì rẹ̀ ti wú.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ọ̀gá wọ́ọ̀dù, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìlà kan kún ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn DDVP, níwájú ìlù ọkàn àti ìfúnpá: ohùn àyà, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.