Ẹni Tí Mo Fojú Rí

Bàbá náà ń tún àwọ̀n ṣe nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2006 ni, oòrùn ti mú, mo sì ti gba orí ọ̀sà kọjá láti Àgbádárìgì sí ìhà Gbẹ́rẹ̀fú, níbi tí igi àgbọn pọ̀ ju ilé lọ. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, wọ́n yá wa fún iṣẹ́ ìkànìyàn. Mo kúnlẹ̀ kí i lédè Ògù, èdè ìyá mi (Àwórì Ìwòrò ni bàbá tó bí mi), mo sì yọ bébà jáde.

"Bàbá, ènìyàn mélòó ló wà nínú ilé yín?"

Kò gbójú sókè. "Èwo lo ń bi mí, tíṣà? Àwọn tó wà nílé, àbí àwọn tó jẹ́ ti ilé?"

Níbi tí wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́, òfin kan ni wọ́n tẹnu mọ́ jù: ẹni tí o bá fojú rí nìkan ni kí o kọ. Bí ìyàwó bá lọ sọ́jà, dúró dè é tàbí kí o padà wá. Má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ gbọ́. Ìdí ni pé nílẹ̀ yìí, wọ́n ti ka ènìyàn títí wọ́n fi fagi lé e, ní 1962 àti 1973, torí olúkúlùkù ń bu èèyàn kún èèyàn. Òfin tó dára ni. Àmọ́ etíkun ni wọ́n rán èmi lọ.

Òfin kejì ni ti ohun tí "ilé" jẹ́ gan-an. Wọ́n ní àwọn tó jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan tàbí inú ọgbà kan, tí oúnjẹ wọn ń ti ibì kan náà wá, tí wọ́n sì gba ẹnì kan ní olórí. Olùkọ́ wa ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó lè gbé e. Ó mú ìdílé, ẹnì kan nahùn pé ìdílé tòun wà ní Ìwòrò, ó wà ní Ọ̀jọ́, ó tún wà ní London. Ó mú agboolé, wọ́n ní agboolé mìíràn ní ìkòkò ọbẹ̀ méjìlá. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní ká máa lo ojúlé, torí ilẹ̀kùn ṣeé nàka sí.

Bàbá yìí ní ilẹ̀kùn mẹ́rin. Nídìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ènìyàn méje ni mo fojú rí. Nígbà tí mo wá ní kó dárúkọ àwọn ará ilé rẹ̀, kò ka iye fún mi o, torí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ó kàn ń dárúkọ ni, bó bá sì ti dá orúkọ kan, a ta kókó kan sí okùn àwọ̀n. Èmi ni mo ka kókó. Mẹ́tàlélógún ni. Àbúrò rẹ̀ méjì wà ní Àpápá. Ọmọkùnrin mẹ́ta bá ọkọ̀ apẹja lọ sí Gábọ́ọ̀nù. Ìyàwó kejì lọ síbi òkú ìyá rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mọ̀wó. Àwọn yòókù fọ́n ká Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnù. Ẹja yíyan tí wọ́n ń jẹ ní Àpápá, ọ̀dọ̀ bàbá ló ti ń lọ. Owó tí wọ́n fi ra páànù tó wà lórí ilé bàbá, Àpápá ló ti wá. Lójú tirẹ̀, ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ.

Mo kọ méje. Mo kọ orúkọ mẹ́rìndínlógún yòókù sẹ́yìn ìwé àkọsílẹ̀ mi, èyí tí mo fi owó ara mi rà.

Èmi tí wọ́n bí sí Àgbádárìgì, kò yẹ kó yà mí lẹ́nu. Ìlú àwọn tó sá wá ni, ìlú àwọn tó tún ń bá ibòmíràn lọ ni. Ní 1724, Agaja ọba Dàhọ̀mì kó Àlàdá. Ní 1727 ó kó Wídà. Ní 1732 ó kan Jákìn. Àwọn tórí kó yọ wá sá gba etí ọ̀sà wá síhà ìlà oòrùn, wọ́n bá àwọn apẹja àti àgbẹ̀ níbẹ̀. Òyìnbó náà bá wọn sá: Hertogh, oníṣòwò ará Nẹ́dálàńdì, kúrò ní Jákìn, ó sì wá tẹ ibùdó òwò dó sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí ní 1738. Òwò wo ni, gbogbo wa mọ̀. Ènìyàn ni wọ́n ń tà.

Àdúgbò mẹ́jọ ni ìlú pín sí: Jegba, Ahoviko, Boeko, Posuko, Awhanjigo, Asago, Wharako àti Ganho. Ahovi lédè Ògù ni ọmọ ọba. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní olóyè tirẹ̀, orúkọ oyè sì di orúkọ ìdílé. Ní kíláàsì mi, bí ọmọ bá ní Possu tàbí Mobee tàbí Wawu ni orúkọ bàbá òun, mi ò ní béèrè àdúgbò tó ti wá mọ́. Àwọn Àkran ń jọba láti Jegba. Àwọn baba ńlá àdúgbò wọ̀nyí kò ti ibì kan wá, wọn kò sì jọ dé lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé tíṣà kan gbé bébà bíi tèmi kiri ìlú náà nígbà náà. Bó bá dé ní 1783, yóò kọ ènìyàn púpọ̀. Bó bá dé lẹ́yìn 1784 ńkọ́, nígbà tí ogun Dàhọ̀mì ti fọ́ ìlú? Lẹ́yìn náà ni Adélé, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́, wá ń gbé ibẹ̀ tòun tàwọn ènìyàn rẹ̀. Lópin àwọn ọdún 1830, àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀, àwọn tí wọ́n tà tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n ń wá ọ̀nà Abẹ́òkúta. Àwọn kan dúró. Ní 1842, míṣọ́nnárì Freeman dé, míṣọ́nnárì Townsend náà dé, wọ́n ṣe Kérésìmesì abẹ́ igi Àgíà. Míṣọ́nnárì Gollmer dé ní 1845, Crowther wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ọdún náà ni wọ́n kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ wò títí dòní. Ọba Akíntóyè náà sá wá láti Èkó. Ìlú kún fọ́fọ́. Àfi ìgbà tí Bírítéènì fi ìbọn gba Èkó lópin 1851: Akíntóyè padà sílé, Gollmer kó lọ sí Èkó ní 1852, àwọn oníṣòwò tẹ̀ lé e. Ẹni tó ka ojúlé ní 1850, bó bá padà ní 1853, ilẹ̀kùn lè pé, onílẹ̀kùn ni kò ní pé.

Àwọn tó ń mú àlejò yípo ilé Sérìkí Williams Abass nílùú wa máa ń sọ iye kan tí kì í yé pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyàwó 128 ni ó ní, ọmọ 144. Àlejò a gbé ọwọ́ sáyà nítorí ìyàwó. Èmi, ọmọ ni mo ń wò. Ọmọ 144 láàrin ìyàwó 128, ọmọ kan àti díẹ̀ fún ìyàwó kan! Ní ayé ìgbà tí obìnrin ń bí mẹ́jọ, mẹ́wàá? Ìtumọ̀ kan ni pé àwọn tó yè nìkan ni wọ́n kà; òmíràn ni pé ọ̀pọ̀ nínú "ìyàwó" wọ̀nyẹn jẹ́ ẹni tó sá di ọkùnrin ńlá, tàbí tí wọ́n fi fún un. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí ẹni tó kà wọ́n rárá. Ọmọ Ìjogà ni Abass, wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, ó padà wá di ẹni tó ń ta ènìyàn, ó sì kú ní 1919. Nínú ọgbà rẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń fi yàrá ẹrú hàn wá, 40 yàrá, 40 ènìyàn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 1,600. Abẹ́ òrùlé ẹnì kan náà ni wọ́n sùn, òun ló sì ń bọ́ wọn. Tí ẹ bá fi òfin tí wọ́n kọ́ wa wọ̀n ọ́n, ará ilé rẹ̀ ni wọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í kà wọ́n mọ́ 144.

Ààlà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ bàbá aláwọ̀n. Ní 1889 ni Bírítéènì àti Faransé fa ìlà sí àárín Èkó àti Àjàṣẹ́. Ìyá kan náà, èdè kan náà, eégún Zangbeto kan náà, ó di orílẹ̀-èdè méjì. Ìyàwó tó lọ sìnkú yẹn, bóyá ẹlòmíràn ló kà á ní Àjàṣẹ́, bóyá kò sẹ́ni tó kà á. Ìwé wa sì kò béèrè ẹ̀yà ẹni, kò béèrè ẹ̀sìn; wọ́n yọ ọ́ nítorí ìjà. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé Ògù mélòó ló wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, mo rìn láti ilé dé ilé, ìwé tí mo fi rìn kò lè dá yín lóhùn.

Nígbà tí èsì jáde, àjọ ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ kọ 241,093 fún ìjọba ìbílẹ̀ Àgbádárìgì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tóun náà ka tirẹ̀ lákòókò kan náà, kọ 380,420. Ènìyàn 139,327 ló wà láàrin méjèèjì. Fún gbogbo ìpínlẹ̀, àpapọ̀ ní 9,113,605, Kánò sì fi 9,401,288 ṣíwájú; Èkó ní irọ́ ni, àwọn jẹ́ 17,552,942. Owó tí wọ́n ń pín l'Ábújá ló ń jà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bi mí pé ti ta ni òótọ́. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ Àgbádárìgì tí wọ́n ń wí fún mi. Ẹkùn Àgbádárìgì àtijọ́ gba Ọ̀jọ́, Àmùwó àti Àjẹ́ròmí mọ́ra. Wọ́n gé Ọ̀jọ́ kúrò lára ìjọba ìbílẹ̀ wa ní 1989. Ẹni tó bá gbé iye àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tuntun, aṣọ méjì tí a kò jọ wọ̀n ló ń fi wé ara wọn.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé ọmọ jòjòló náà. Nínú àwọn méje tí mo kọ, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá àgbà kò fẹ́ kí n wọlé. "Kò tíì lórúkọ, ìwọ fẹ́ kọ ọ́ síwèé?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó wá gbé e jáde, ó bò ó lójú, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo kọ "Ọmọtuntun, obìnrin" sí ibi orúkọ. Ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka tí wọ́n ní ká máa ṣe, èmi àti ìyá àgbà kò bá ara wa sọ ọ́.

Ọmọ náà di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní 2023, nígbà tí ìjọba kéde pé wọn yóò tún ka ènìyàn láti ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún. Kútọnù ló ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ó pè mí lórí fóònù: "Màmá, ṣé kí n wálé kí wọ́n lè rí mi? Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti lórúkọ." Mo ní kó máa bọ̀. Ó gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kéde pé wọ́n ti sún ìkànìyàn síwájú. Ó bá ìyá rẹ̀ yan ẹja, ó jẹ àgbọn, ó sùn sílé lóru mẹ́ta, ó sì padà sí Kútọnù lọ́jọ́ Ajé.